Nítorí Dígí Ni

Ó rẹ̀ mí. Bí mo bá ti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, irọ́ ni mo ń pa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Orúnkún òsì kì í fẹ́ kí n dìde, tọ̀tún kì í fẹ́ kí n jókòó, àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó yí wa ká ní Ṣómólú yìí kì í sì í dákẹ́ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Àwọn ọmọ mi ní kí n kó wá sọ́dọ̀ àwọn, mo ní ẹ ṣeun o, ariwo tí mo mọ̀ sàn ju ìdákẹ́jẹ́ tí mi ò mọ̀ lọ. Mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé títí ohùn mi fi há. Mo ti sin ọkọ, mo ti sin ìyá. Ó yẹ kí irú mi ti sọ gbogbo ẹrù kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé sínú láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ ìyá mi ni, ó sì wúwo. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, ó ku díẹ̀ kí n tú u sílẹ̀ lórí àga tí mo jókòó sí yìí, kí n sì sinmi.

Bárígà la ń gbé nígbà náà, nínú ilé kan tó gùn gbọọrọ, yàrá mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró láàárín wọn. Bí ẹ bá sín nínú yàrá kìíní, ẹni tó wà nínú yàrá ìkẹfà ló máa ní ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ṣì ń gbọ́ àárọ̀ ilé yẹn bí mo bá dijú: ìgbálẹ̀ tó ń gbá ẹ̀yìnkùlé, garawa tó ń lu garawa, Bàbá Ràṣídì tó ń ṣe àlùwàlá, ikọ́ bàbá mi, lẹ́yìn náà ohùn ìyá mi tó ń kọ orin ìyìn bó ṣe ń sẹ́ ògì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n pọnmi kún ìkòkò, kí n fọ abọ́ àná, kí n sì nu dígí. Dígí yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú níhìn-ín ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, tàdáwà kì í kúrò ní èékánná rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ kan tó ń kó lọ sí ìlú rẹ̀ ló sì ta kọ́bọ́ọ̀dù oní-dígí fún un. Dígí náà ga jù mí lọ, ó sán níbi igun kan nísàlẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ nínú gbogbo yàrá méjìlá yẹn. Àwọn yòókù ń wo ojú wọn nínú dígí tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, tó bá jẹ́ pé imú lẹ fẹ́ rí, ẹ ò ní rí àgbọ̀n.

Nínú yàrá tó kẹ́yìn lápá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ni Ìyá Ẹ̀bùn ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ẹ̀bùn, ẹgbẹ́ mi. Ará Ìlàjẹ ni wọ́n, láti etí òkun lápá Oǹdó. Omi ló gba ọkọ rẹ̀, wọn ò sì rí òkú sin. Láàárọ̀ kùtù á ti lọ sí etí ọ̀sà lọ gba ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, nígbà tí a bá fi ti iléẹ̀kọ́ dé, èéfín á ti bo ẹ̀yìnkùlé, á máa yí ẹja lórí ààrò, ojú rẹ̀ á ti pọ́n, á sì máa kọrin. Ẹ gbà mí gbọ́, ohùn obìnrin yẹn! Àwọn tó ń bú èéfín rẹ̀ gan-an á panu mọ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, àwọn tó máa ń bọ́ bàtà sílé kí wọ́n tó jáde, àárín ẹgbẹ́ akọrin ibẹ̀ ló sì ti rí ìtùnú lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ fún ìyá mi pé bí kì í bá ṣe orin, òun náà ì bá ti wọ omi lọ. Àwa ní tiwa, Onítẹ̀bọmi ni wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn èèyàn wa nígbà náà sì máa ń wo aláṣọ funfun bí ẹni tó ṣìnà. Ìyá mi ò bá wọn dá sí i. Ó ní Jésù tó jẹ ẹja yíyan lẹ́yìn àjíǹde ò bèèrè irú aṣọ tí ẹni tó yan án wọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, èmi àti ìyá mi tò sí ìdí ẹ̀rọ omi lójú títì. Obìnrin méjì tó wà níwájú wa, ará ìjọ Ìyá Ẹ̀bùn, ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìmọ̀ pé ilé kan náà la jọ ń gbé. Ọ̀kan ní, "Bó bá lanu báyìí, ọkàn mi á gòkè lọ sọ́run. Bó bá wá gbé apá sókè, òórùn ẹja á dá mi padà sáyé." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìkejì ní, "Bí Sọ́ńdè yìí bá ti kọjá, wọ́n máa sọ fún un. Kó kúrò láàárín akọrin, kó lọ máa jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí bó ṣe fẹ́ fọ aṣọ funfun yẹn tí kò ní rùn." Ìyá mi pọn omi, ó gbé tèmi rù mí, ó gbé tirẹ̀. Ìgbà tí a dé ẹnu ilé ló tó dúró.

"Dúpẹ́, o ò gbọ́ nǹkan kan ní ìdí ẹ̀rọ o."

"Mo gbọ́, Màámi. Wọ́n ní Ìyá Ẹ̀bùn ń…"

"Mo ní o ò gbọ́."

"Mi ò gbọ́ mọ́, mà."

Ó ní, "Ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Omi ń kán sí mi lójú, ọrùn ń dùn mí, mo kàn fẹ́ kí ó jẹ́ kí n wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ bá Ìyá Ẹ̀bùn níbi ààrò, mo tẹ̀ lé e. Ó ní, "Ìyá Ẹ̀bùn, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀ yín." Ìyá Ẹ̀bùn ní, "Ẹ̀bẹ̀ kẹ̀? Ẹ̀yin, Ìyá Dúpẹ́?" Ìyá mi ní, "Dígí wa yẹn ni. Bàbá Dúpẹ́ ná owó gidi lé e lórí, kò sí ẹni tó ń wò ó. Èmi ò lẹ́wà tó o!" Ìyá Ẹ̀bùn bú sẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ìyá mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì yín níwájú rẹ̀. Ẹ kúkú gbé aṣọ náà fún mi kí n fi sínú àpótí mi, eku ti pọ̀ jù lápá ọ̀dọ̀ yín níbí. Bí mo bá ń gbé omi kaná láàárọ̀ Sọ́ńdè, màá gbé tiyín sí i." Bí ẹni ṣeré ló ṣe sọ ọ́. Ní Sátidé, ó fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣan án, ó fi búlúù sí i, ó sá a nínú yàrá wa níbi tí èéfín ò dé, ó lọ̀ ọ́, ó sì ká a sínú àpótí pẹ̀lú kafúrà. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi ìwẹ̀ náà pẹ̀lú. Ìyá Ẹ̀bùn bèèrè pé kí ni ọsàn ń wá nínú omi, ìyá mi ní ó ń mú kí ara fúyẹ́. Nígbà tó wọ aṣọ tán tó dúró síwájú dígí, ó yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì. Obìnrin yẹn ò tíì rí ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó ní, "Háà, Ìyá Dúpẹ́, ṣé èmi rèé?" Ìyá mi ní, "Ẹ̀yin ni. Àbí ta lẹ rò pé ó jẹ́?" Ìta iwájú ló gbà jáde, kò padà sínú èéfín. Bàbá mi gbé orí sókè lórí ibùsùn, ó ní, "Ilé mi ti di ṣọ́ọ̀bù onídìrí," ó sì yí ojú sí ògiri.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn láti Sọ́ńdè dé Sọ́ńdè. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún Ìyá Ẹ̀bùn pé kó lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Mo tún bá àwọn obìnrin méjì yẹn pàdé ní ìdí ẹ̀rọ, orin rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń sọ. Èmi ní tèmi, mo ń jowú. Ìyá mi ò fi ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi tèmi, èmi ni mo sì ń pọn omi náà. Bí Ẹ̀bùn bá bi mí pé kí ló dé tí aṣọ ìyá òun fi ń gbé ọ̀dọ̀ wa, màá ní nítorí dígí ni, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà míì á wá dúró síwájú dígí náà, á máa na ọrùn bí ìyá rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti ń dùn mí. Ní ọdún yẹn náà, àwọn obìnrin ìjọ wa fẹ́ fi ìyá mi ṣe ìyá ẹgbẹ́. Bóyá lójú yín kò jẹ́ nǹkan kan. Ìyá mi ò lọ sí iléẹ̀kọ́. Oko ni wọ́n mú un lọ nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń kàwé. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ Bíbélì kà, ìlà kan lóòjọ́, ìka lórí ọ̀rọ̀. Ìyá ẹgbẹ́ ló máa ń dúró níwájú, tó ń ka Bíbélì sétí gbogbo obìnrin. Ohun tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyẹn. Yàrá kan la jọ ń gbé, mo máa ń gbọ́ ọ. Àṣà wọn sì ni pé kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ mẹ́ta kọ́kọ́ wá wo ilé ẹni tí wọ́n fẹ́ yàn, láìdá ọjọ́, kí wọ́n lè bá ilé náà bó ṣe wà. Láti ìgbà tó ti gbọ́ ni a ti ń gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́.

Òjò ńlá rọ̀ mọ́jú Sátidé kan, òrùlé wa jò, omi sì wọ inú àpótí. Ìyá mi gbé aṣọ funfun náà jáde, ó ti rin. Ó ń kánjú lọ sí Onípanu lọ ra ọjà. Ó ní, "Dúpẹ́, sá aṣọ yìí sínú yàrá. Má gbé e dé ẹ̀yìnkùlé o, èéfín wà níbẹ̀." Ó lọ. Oòrùn wá yọ, ṣùgbọ́n yàrá wa ṣókùnkùn, ilẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Mo bá ro ó pé Sọ́ńdè lọ́la, aṣọ yìí ò ní gbẹ. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ní n má gbé e dé, wọn ò sọ pé iwájú ilé. Kò sí èéfín níwájú. Ọgbọ́n orí mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo sá a sórí okùn tí bàbá mi ta láti fèrèsé wa dé ara igi fúrúùtù, mo na apá rẹ̀ méjèèjì dáadáa, inú mi sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí ìyàwó díákónì ìjọ wa àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ méjì fi dé.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyàwó díákónì ò dáhùn, aṣọ ló ń wò. Ó ní, "Ọmọ, ta ló ni aṣọ yìí?" Bí mo bá ní Ìyá Ẹ̀bùn ni, wọ́n máa bi mí pé kí ló ń ṣe lórí okùn wa. Orí àwọn ará ilé ti ń yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ẹ̀bùn gan-an dúró níbẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo. Èmi tí mi ò gbọ́ nǹkan kan ní ìdí ẹ̀rọ, mo ní, "Aṣọ wa ni, mà." Kò pẹ́ tí ìyá mi dé pẹ̀lú ẹrù lórí. Ìyàwó díákónì ní, "Ìyá Dúpẹ́, ọmọ yín ní tiyín ni." Ìyá mi wo aṣọ, ó wò mí, ó wo Ẹ̀bùn. Ó sọ ẹrù kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Inú àpótí mi ló ń gbé." Ìyàwó díákónì ní, "Ṣé ẹ ti ń lọ sọ́dọ̀ wọn ni?" Ó ní, "Rárá o." "Kí ló wá ń wá nínú àpótí yín?" Ìyá mi wolẹ̀. Ó ní, "Mi ò lè sọ, mà. Ẹ má bínú." Ìyàwó díákónì ní, "Ẹ ò lè wà lọ́dọ̀ wa kí ẹ tún wà lọ́hùn-ún." Mo sáré lọ bu omi wá, wọn ò mu ún. Wọ́n jáde tàwọn ti ìwà ọmọlúàbí wọn, wọn ò bú ẹnikẹ́ni, wọn ò sì wẹ̀yìn.

Ìyá mi ò nà mí. Ká ní ó nà mí ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán lára mi. Ó kó ẹrù rẹ̀ wọlé, ó bẹ iṣu, ó sè é. Nígbà tí a ń jẹun, mo ní, "Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn? Ẹ lè lọ bá wọn nílé, kí ẹ sọ ọ́ fún ìyàwó díákónì nìkan." Ó ní, "Bí mo bá sọ fún ẹnì kan, mo ti sọ fún Bárígà. Kó tó di Sọ́ńdè mìíràn, ó ti dé etí Ìyá Ẹ̀bùn pé òun ń rùn. Ṣé yóò tún kọrin lẹ́yìn ìyẹn?" Mo ní, "Ṣùgbọ́n wọn ò ní fi yín ṣe ìyá ẹgbẹ́ mọ́." Ó ya iṣu, ó fi sọ́wọ́ mi. Ó ní, "A kì í ṣoore ká lóṣòó tì í. Jẹun." Mo rí i pé omi dúró sí i lójú. Ní Sọ́ńdè ọjọ́ kejì, ó gbé omi ọsàn kaná bí ó ti máa ń ṣe.

Wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe é. Láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ tí a gbé òkú rẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ìjókòó kẹta láti ẹ̀yìn ni ìyá mi ń jókòó sí, ẹnikẹ́ni ò sì tún ní kó wá ka Bíbélì níwájú. Ìyá Ẹ̀bùn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ti lọ sí etí ọ̀sà lọ́jọ́ tí wọ́n wá, ohun tó gbọ́ kò ju pé àwọn Onítẹ̀bọmi ò fẹ́ràn aṣọ funfun. Kó tó di òpin ọdún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá kó òun àti Ẹ̀bùn lọ sí etí omi lápá kejì Bárígà, Ìyá Ẹ̀bùn sì fi orin dágbére fún wa lójú títì. Inú bí mi. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, inú ṣì ń bí mi. Inú bí mi sí ìyàwó díákónì, sí Ìyá Ẹ̀bùn, sí okùn àti igi fúrúùtù, sí ọgbọ́n orí mi. Nígbà tí mo dàgbà mo bẹ ìyá mi títí pé kó jẹ́ kí n lọ ṣàlàyé. Ó ní mi ò gbọ́ nǹkan kan ní ìdí ẹ̀rọ. Obìnrin líle ni, bí ẹ ṣe rí i tó rọ̀ yẹn.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, lẹ́yìn òjò ọ̀sán, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Mo jókòó pẹ́ kí n tó dáhùn, mo rò pé yóò lọ. Kò lọ. Ìyá arúgbó kan ni, ó gbé ẹja yíyan sínú ike, ó ní, "Dúpẹ́, ìwọ náà ti gbó báyìí?" Ẹ̀bùn ni! Ọrùn yẹn ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ó ti wá mi dé ṣọ́ọ̀ṣì wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti júwe ilé fún un. A sunkún, a rẹ́rìn-ín, a ka ìrora orúnkún fún ara wa. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́, ó ní àárín akọrin ló wà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi gbé e mọ́. Ó ní nígbà tí òun kọ́ ilé kékeré sí Bárígà, ohun tí òun kọ́kọ́ rà ni dígí ńlá kan, òun gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àbáwọlé. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, àwọn obìnrin ẹlẹ́ja tí kò ní dígí máa ń wá wọṣọ síbẹ̀, òun a sì ti gbé omi kaná. Ó ní, "Ọsàn wẹ́wẹ́ náà ni mò ń fún sí i, bí Màmá ṣe ń ṣe é. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó wà fún. Ṣé kí ara lè fúyẹ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí òrùka ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Dúpẹ́, tíṣà ni ẹ́, o ò ní purọ́ fún mi. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé wọ́n fẹ́ yọ ìyá mi kúrò láàárín akọrin nígbà kan nítorí pé ó ń rùn. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ìyá rẹ ti gbọ́ ọ ní ìdí ẹ̀rọ omi. Láti ọjọ́ náà mi ò lè sùn dáadáa. Títí tí ìyá mi fi kú ló ń sọ fún wa pé ẹnì kan wà tó bẹ òun, tó bẹ òun o, pé kí òun wá wo ara òun nínú dígí. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń yangàn. Ṣé àánú rẹ̀ ló ń ṣe ìyá rẹ ni? Ṣé nítorí òórùn ni?"

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lọ lódìkejì ògiri. Mo wò ó. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi: ìdí ẹ̀rọ omi, aṣọ lórí okùn, omi tí wọn ò mu, ìjókòó kẹta láti ẹ̀yìn. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù láyé tí mo lè sọ ọ́ fún, tí ìyá mi á sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, òun ló jókòó síwájú mi yìí. Ó rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn. Mo fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ pé ìyá mi ṣeun.

Mo ní, "Ẹ̀bùn, ta ló ń sọ irú ìyẹn? Nítorí dígí ni. Bàbá mi ná owó lé dígí, ìyá mi ò sì gbà pé òun lẹ́wà."

Ó mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé, ó ń gbá orúnkún, ó ní, "Mo mọ̀! Mo sọ fún wọn!" Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó dúró síwájú dígí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mi, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó na ọrùn. Ó ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀ kí n wá wo àwọn obìnrin òun. Mo ní bí orúnkún bá gbà. Mo sìn ín dé ojú títì, mo padà, mo ṣí ike ẹja náà lórí tábìlì. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá, ó wọ aṣọ ibùsùn, ó wọ aṣọ ọrùn mi. Mo jókòó. Mi ò ṣí fèrèsé.